Ọwọ́ Méjìlélógún Lára Ògiri Noorderzijl

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àwọn Kristẹni ní ìlú Noorderzijl, ìlú kan létí òkun nílẹ̀ Òyìnbó, dúró níwájú ògiri tuntun kan, wọ́n sì kọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé ìpàdé wọn, pẹ̀lú orúkọ ènìyàn márùn-ún nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀ ni obìnrin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi lọ́jọ́ náà, tó fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú ṣinṣin bí ẹni pé ó lè já bọ́. Hilje Bolhuis ni. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà náà. Òun ló to òkúta ara ògiri náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àwọn ará ìlú ní òkúta náà tó ọ̀kẹ́ márùn-ún. Kò sí ẹni tó kà á.

Nínú àwòrán tí òkúta náà para pọ̀ ṣe, òkun ló wà nísàlẹ̀ ògiri, odi tó ń dá òkun dúró wà lókè rẹ̀, màlúù búlúù mẹ́rin ń jẹko lórí odi, oòrùn kan sì rí roboto bíi wàràkàṣì tí wọn kò tíì gé. Lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé, ọmọ mọ́kànlá jókòó lórí ìlà kan, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń kọ̀wé.

Mísì Ebels, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìkọ̀wé, ló kọ́kọ́ rí i.

“Alàgbà,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ wọn.”

Alàgbà Berend Wolthuis ni alága ìgbìmọ̀. Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. “Kí ló ṣe ọwọ́ wọn?”

“Òsì ni, sà. Gbogbo wọn pátá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń kọ̀wé.”

Alàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, ó ń fi ìka tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka àgùntàn. Nígbà tó kà wọ́n tán, ó tún wọn kà láti apá kejì.

“Mọ́kànlá,” ó ní. “Nínú ọmọ mọ́kànlá, kò sí ẹyọ kan tó tọ́.”

“Ọmọ mẹ́rin ló wà ní kíláàsì mi tí mò ń na ìka wọn lójoojúmọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí,” ni Mísì Ebels wí. “Tí wọ́n bá ní àwọn ti ògiri ń fi òsì kọ̀wé, kí ni kí n sọ?”

Popke Dijkema, bíríkìlà tó lẹ òkúta náà mọ́ ara ògiri, súnmọ́ Hilje. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Mo ti rí i láti ọjọ́ Ajé,” ó ní.

“Bàbá Popke! Kí ló dé tí ẹ kò sọ?”

“Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Màlúù yín búlúù ni, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Èmi ta ni tí n ó wá máa béèrè ọwọ́?”

Alàgbà Wolthuis yíjú sí ayàwòrán tó jẹ́ ọ̀gá Hilje. “Ọ̀gbẹ́ni Kloosterboer, ìjọba ló ní dandan ni ká yọ díẹ̀ nínú owó ilé-ìwé ká fi ṣe iṣẹ́ ọnà. A kò béèrè fún un. Wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, a gbà á. Ṣùgbọ́n a kò lè gba ògiri tó ń bú àwọn tíṣà wa.” Ó wá sọ fún Popke pé kó wá aṣọ tapólì bò ó.

Ohun tó ń jẹ Hilje lọ́kàn ní wákàtí yẹn kò ju ọ̀kan lọ. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọjọ́ Àìkú. Anje, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ta òwú ní ìlú Delfzijl, ti palẹ̀ yàrá kan mọ́ fún un lókè ṣọ́ọ̀bù, yàrá tí sítóòfù ìsàlẹ̀ ń mú gbóná, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní sọ fún un pé kó gbé nǹkan. Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ògiri yìí ni ìkẹyìn. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà á, ó ń lọ. Bí wọn kò bá gbà á, ẹnì kan ní láti padà gun orí pákó tí wọ́n fi ń dé òkè ògiri, ẹni náà kò sì lè jẹ́ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1917 ni wọ́n bí i, nílé ọkùnrin tó ń ru amọ̀ sí odi òkun. Ọmọ ọdún méjìlá ló fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó sì ń bá àwọn onílé fọ ilẹ̀ títí ogun fi dé. Nígbà ogun, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lọ pòtétò di ìyẹ̀fun. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Wọ́n fipá mú un lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì ní ọdún 1943, kò sì padà wá. Bí wọ́n bá bi Hilje léèrè nípa rẹ̀, á ní, “Ó ga,” á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní ọdún 1947 ló dé ọ̀dọ̀ Evert Kloosterboer. Ẹni tí yóò máa gbá ilẹ̀ ni ọkùnrin náà ń wá. Nínú ilé kan tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti kó àfọ́kù àwo ara ògiri jọ síbẹ̀, gègèrè, láti ìdáná àwọn ilé tí bọ́ǹbù wó ní ìlú Groningen. Nígbà tí Kloosterboer dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bá ilẹ̀ ní gbígbá, àfọ́kù náà sì ti wà nínú àwọn garawa ní oríṣi oríṣi. Méje nínú àwọn garawa náà, funfun ló wà nínú wọn.

“Kí ló dé tí funfun fi pé méje?” ó bi í.

“Wọn ò jọra ni, sà.”

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa méjèèje fún ìgbà pípẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹlòmíràn ló ń gbá ilẹ̀.

Kloosterboer kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwòrán ló kọ́kọ́ ń yà, títí ó fi rí i pé inú yàrá àwọn tó rí jájẹ nìkan ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí. Ó wá yà sí ère, ó ń fi irin àti sìmẹ́ǹtì ṣe àwọn ẹyẹ tí ọkùnrin mẹ́fà kò lè gbé. Láti ibi ère ó bọ́ sórí àga, láti orí àga ó bọ́ sórí ìkòkò kofí, aṣọ fèrèsé, àti bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara yàrá. Ó gbà pé ogun ti wó ohun gbogbo, ohun gbogbo ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ tún ṣe, láti orí ṣíbí dé orí ilé ìjọsìn, kí ó lè dára lójú aláìní bó ṣe dára lójú olówó. Ó máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó. Hilje kì í bá a jiyàn. Ó kàn mọ̀ pé nínú ohun gbogbo yẹn, èyí tó pọ̀ jù ń gba ọwọ́ méjì kan náà kọjá, ọwọ́ méjì náà sì ń ro òun.

Àwọn kan ní Noorderzijl ní nǹkan wà láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí kankan. Ẹni tó bá ti rí i rí ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó fi orí lé tábìlì, tó ń sùn pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, kò ní ráyè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ òkúta náà. Ọ̀gá á ya àwòrán sórí bébà ńlá, ní títóbi bó ṣe máa rí lára ògiri. Hilje á gé bébà náà sí wẹ́wẹ́, á fi àtè ìyẹ̀fun lẹ òkúta mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìdojúbolẹ̀. Popke á wá gbé bébà tòun tòkúta, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù lára ògiri. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá gbẹ, wọ́n á rin bébà náà, wọ́n á bó o, ojú òkúta á sì yọ síta. Nítorí èyí, ohun tó wà lápá ọ̀tún lórí bébà, apá òsì ló ń já sí lára ògiri. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí Hilje tó gé bébà èyíkéyìí, ó máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá, á sì fi èédú tún àwòrán náà tọ̀ láti ẹ̀yìn. Yíyí ni wọ́n ń pè é. Ó ti yí àwòrán fún ọdún mọ́kànlá. Ó ti ń wo ayé láti ẹ̀yìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó yà sí ọ̀tún láàárín ìgboro, ó ní láti dúró rò ó ná.

Nígbà tí Hilje àti ọ̀gá rẹ̀ padà dé ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ náà, Hilje kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

“Jókòó, Hilje,” ni Ọ̀gá wí.

“Mo dúró dáadáa.”

“Jókòó, jàre.”

Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe, èyí tí irin rẹ̀ máa ń gún ènìyàn lẹ́yìn. “Èmi ni mo ṣì í, Ọ̀gá. Mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é. Mo rántí pé mo yí i. Mo rí ara mi lẹ́nu fèrèsé yẹn, tí mò ń yí i.”

“O yí i.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?”

Ọ̀gá ń fi èékánná ha ọ̀dà tó gbẹ mọ́ etí tábìlì. “Èmi náà ti yí i.”

“Ẹ ti ṣe kí ni?”

“Ní oṣù kejì. Mo rí bí ọwọ́ rẹ ṣe wú. Mo ní kí n gba ìyẹn nìkan ṣe fún ọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi yí i, kí n tó gbé e lé ọ lọ́wọ́.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Mo rò pé wàá rí i.”

Yíyí lẹ́ẹ̀mejì ti dá àwòrán náà padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún mọ́kànlá, ọ̀gá rẹ̀ kò bá Hilje gbé garawa rí. Ìgbà kan ṣoṣo tó rántí pé ọwọ́ obìnrin náà ń dùn ún, ohun tó tibẹ̀ jáde nìyí: ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n ń fi òsì kọ̀wé lábẹ́ òrùlé. Hilje wá ìbínú nínú ara rẹ̀, kò rí i. Bóyá ó ti rẹ ìbínú náà.

“Ṣé ká mu kofí?” ni Ọ̀gá béèrè.

Ó se kofí. Ó ṣí agolo bisikíìtì, ó mú ọ̀kan fún Hilje, ó mú ọ̀kan fún ara rẹ̀, ó sì dé agolo náà pa, torí ọ̀kan péré ni gbogbo ènìyàn ń mú níbẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún un ṣí, ó sì mú ìkejì fún un. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù ba Hilje.

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé lọ́jọ́ Ajé. Mísì Ebels ló bá wọn dá àbá tí wọ́n gbé kalẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú kí òkun àti màlúù kọjú síbi tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n kí wọ́n tún ọwọ́ àwọn ọmọ náà ṣe kí ó tó di ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, torí ọjọ́ kejì rẹ̀ ni ilé-ìwé máa ṣí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n á kùn ún ní funfun.

“Ó dáa tó bẹ́ẹ̀,” ni Ọ̀gá wí. “Ọwọ́ mọ́kànlá péré ni.”

“Méjìlélógún ni,” ni Hilje wí. “Tí wọ́n bá gba gègé ìkọ̀wé lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ òsì náà ò lè máa di òfìfo mú.”

“Òótọ́ ni. Méjìlélógún.” Ó ká lẹ́tà náà, ó tú u, ó tún un ká. “Mo gbọ́dọ̀ wà ní ìlú Brussels. Àga mi mẹ́rìnlélógún ló wà níbi ìpàtẹ àgbáyé tó ń lọ níbẹ̀, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ ní oṣù tó ń bọ̀, ilé-iṣẹ́ kan sì fẹ́ wò wọ́n. Mo sì mọ̀ pé ọwọ́ mi kò mọ òkúta. Bí o bá fẹ́ lọ sí Delfzijl, máa lọ, Hilje. Mi ò ní bínú. N ó kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n fọ́ ọ.”

Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Wàhálà tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Hilje gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé-ìwé, ó gbé etí tapólì sókè, ó wo ògiri náà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti fẹ́ràn nǹkan. Ṣùgbọ́n oṣù méje rẹ̀ ló wà nínú sìmẹ́ǹtì yẹn, àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fọ́ ọ, a jẹ́ pé lásán ló rẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó má tíì dá iná sítóòfù.

Anje kò fi lẹ́tà dá a lóhùn. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá, tòun ti báàgì òwú lápá, ó sì bá Hilje lórí pákó, ó ń fi òòlù àti irin ṣóńṣó yọ ìka ọmọ àkọ́kọ́.

“Sọ̀kalẹ̀ wá!”

“Mi ò lè sọ̀kalẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi. Sìmẹ́ǹtì mi máa gbẹ.”

“Kó gbẹ! Ṣé ìwọ lo bí àwọn ọmọ yìí ni?”

“Ẹ má pariwo, kíláàsì wà nínú ilé àtijọ́ lọ́hùn-ún.”

“Hilje, ṣé Evert yìí ti fẹ́ ọ ni? Tó bá ti fẹ́ ọ, kó wá sọ fún wa, ká wọ aṣọ.”

“Òkúta ló fẹ́ mi.”

“Òkúta kì í ra aṣọ fún ìyàwó o.” Anje jókòó sórí àpò sìmẹ́ǹtì. Ó yọ búrẹ́dì oníwàràkàṣì jáde, ó gé e sí méjì, ó fi okùn àti garawa fa ìdajì sókè sí àbúrò rẹ̀. “Yàrá náà ò ní sí nílẹ̀ títí láé. Mísì kan ti béèrè rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ń kọ́ dùùrù.”

“Ìgbà wo lẹ fẹ́ dá a lóhùn?”

“Ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá.”

“Ọjọ́ yẹn náà ni.”

“Mo mọ̀. Mo ka lẹ́tà rẹ.” Anje dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. “Bọ́ọ̀sì aago mẹ́rin lọ́jọ́ náà. Tí mi ò bá rí ọ nínú rẹ̀, dùùrù ló ni yàrá.”

Iṣẹ́ náà burú ju bí Hilje ṣe rò ó lọ. Kò sí bébà níbí, kò sí àtè, kò sí ìdojúbolẹ̀. Ó ní láti yọ ọwọ́ àtijọ́, kó lẹ sìmẹ́ǹtì tuntun, kó sì ti òkúta bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti iwájú. Fún ọdún mọ́kànlá kò ṣe nǹkan láti iwájú rí. Afẹ́fẹ́ ń ti òkun wá, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ìka rẹ̀ kò sì gbọ́ràn. Nígbà tó parí ọwọ́ ọ̀tún àkọ́kọ́, Popke dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó pẹ̀lú páìpù tábà lẹ́nu.

“Hilje, ọmọ mi. Ibo ni ọmọ yẹn ń gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lọ?”

Ó wo ọwọ́ náà. Àtàǹpàkò wà níbi tó yẹ kí ìka kékeré wà. Ó tún ti yí i.

“Ẹ fi mí sílẹ̀, Bàbá Popke.”

“Mo ti fi ọ́ sílẹ̀. Àtàǹpàkò yẹn ni kò fi mí sílẹ̀.”

Ó yọ ọ́, ó sì tún un ṣe. Láti ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Á nà án síwájú, á wò ó, á to òkúta, á tún nà án. Ọwọ́ náà ti wú, àwọn oríkèé rẹ̀ sì ti le. Ohun tó rí ló ń ṣe. Ìka àwọn ọmọ náà wá tóbi, wọ́n di gègé mú bí ẹni di irinṣẹ́ mú lópin ọjọ́. Káàdì kan dé láti Brussels, tí ilé gíga kan wà lára rẹ̀. Ọ̀gá kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé àwọn ènìyàn ń jókòó lórí àga òun, inú wọn sì ń dùn.

Ní Sátidé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹwàá, lẹ́yìn ọmọ kẹjọ, òòlù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jù ú. Ọwọ́ ló kàn ṣí fúnra rẹ̀. Òòlù náà já bọ́ sínú garawa Popke. Popke kò ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Dókítà náà fi báńdéèjì àti lẹ́ẹ̀ funfun tó máa ń le bíi sìmẹ́ǹtì dì í láti ìka dé ìgúnpá. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà,” ó ní. “Ẹ má ṣe gbé ohun tó ju ife kofí lọ.”

“Ọmọ mẹ́ta ló kù,” ni Hilje wí.

“Ọmọ mẹ́ta wo?”

“Ọmọ ògiri ni, dókítà,” ni Popke wí. “Ẹ má béèrè. Gbogbo wa la ti dákẹ́ bíbéèrè.”

Lọ́jọ́ Ajé, Hilje padà gun orí pákó. Popke kọ́kọ́ yarí. Ó ní tó bá já bọ́, àwọn ará ìlú á ní òun ló tì í. Nígbà tó rí i pé obìnrin náà kò gbọ́, ó gun pákó tẹ̀ lé e, ó sì gba òòlù. Popke yọ àwọn ọwọ́ àtijọ́, Hilje sì ń fi ọwọ́ òsì to òkúta tuntun. Ọwọ́ òsì náà kò mọ nǹkan kan. Òkúta kan tó máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá ti wá ń gbà á ní ìṣẹ́jú gidi. Kò lè sáré, kò sì lè ṣe é láìwò. Ṣùgbọ́n kò ro ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún púpọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò dùn ún.

Àpẹẹrẹ wá di ìṣòro, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà nínú lẹ́ẹ̀ funfun.

“Ẹ yá mi ní tiyín, Bàbá Popke.”

“Tèmi kẹ̀?”

“Ẹ mú pẹ́ńsù yín. Ẹ ṣe bí ẹni ń kọ̀wé.”

“Orúkọ mi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ.”

“Ẹ kọ ọ́.”

Popke Dijkema jókòó sórí pákó nínú afẹ́fẹ́, ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sára pátákó kan, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lọ́pọ̀ ìgbà, ó yọ ahọ́n síta díẹ̀, ó sì ń ṣọ́ra bí ọmọ tí tíṣà dúró lé lórí. “Mísì Ebels ì bá ti nà mí,” ó ní. “Wo bí lẹ́tà kejì ṣe wọ́.” Hilje ń wo ìka rẹ̀, ó ń to òkúta. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá láìka ọjọ́ Àìkú. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù náà, wọ́n parí ọmọ kọkànlá. Hilje jókòó sórí pákó, kò sì lè dìde. Popke ní ìdajì wákàtí ni, àwọn kan ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò rántí.

Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìgbìmọ̀ pé. Kloosterboer ti dé láti Brussels lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó wọ kóòtù tuntun. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ àga lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó rí apá Hilje, ó yà á lẹ́nu, ó sì béèrè ohun tó ṣe é. Hilje ní nǹkan kékeré ni. Àpótí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ògiri, bọ́ọ̀sì ku wákàtí kan.

Mísì Ebels ka àwọn ọmọ náà láti ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. “Ọ̀tún,” ó ní níkẹyìn. “Gbogbo wọn.”

Ṣùgbọ́n Alàgbà Wolthuis kì í ṣe ẹni tó ń gba ohun tí ẹlòmíràn rí gbọ́. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e fún akọ̀wé, ó gun àkàbà dé òkè pátápátá. Ó lọ láti orí ọmọ kan dé orí èkejì, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan òkúta, kò yára. Lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta tó kẹ́yìn, ó dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sì bọ Kloosterboer lọ́wọ́.

“A gbà á,” ó ní.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Hilje tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti fi ọwọ́ òsì mú àpótí rẹ̀, Popke sì mú un ṣáájú rẹ̀. Gbogbo wọn ti ń yí padà láti lọ nígbà tí Alàgbà tún gbójú sókè wo ògiri.

“Mi ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín, Ọ̀gbẹ́ni Kloosterboer, ṣùgbọ́n ojú mi ṣì ríran. Àwọn ọmọ mẹ́ta apá ibí yìí, ó hàn pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ ṣe wọ́n. Ti àwọn mẹ́jọ yòókù, ó dà bíi pé ó ti rẹ ẹni tó ṣe wọ́n.”